Bí Alága Òkè-Ògbè Ṣe Gbé Òkun Wálé

Ìlú tí kò ní òkun, tí kò ní ọ̀sà, tí odò rẹ̀ tó tóbi jù máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí àwọn ọmọdé yóò fi máa gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, ìlú yẹn ló yan Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ọ̀rọ̀ Òkun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín yín láti ibí, ẹ̀yin òǹkàwé. Bí ẹ bá ní kí ẹ dúró dìgbà tó bá pọ̀, yóò pọ̀ jù fún yín.

Òkè-Ògbè ni orúkọ ìlú náà. Bí èèyàn bá kúrò ní Ayédé, tó gba àárín oko kòkó, tí ọ̀kadà sì ti gbọ̀n ọ́n títí tó fi gbàgbé ohun tó ń wá lọ, ó ti débẹ̀. Iṣu ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n gbìn. Alága ìjọba ìdàgbàsókè wọn ń jẹ́ Fọlọ́runṣọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́ èsì. Ọ́nọ́rébù Olóyè Ajíhìnrere Fọlọ́runṣọ́, Ìràwọ̀ Àríwá Èkìtì, Ọkọ Ìdàgbàsókè: bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Bí o bá sáré wá sọ fún un pé ilé rẹ̀ ń jó, á dúró kí o pe gbogbo rẹ̀ tán kó tó béèrè pé yàrá wo ni.

Lánípẹ̀kun ni olùdámọ̀ràn tí mo sọ yẹn. Kó tó di olùdámọ̀ràn, orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ló wà, iṣẹ́ gidi sì nìyẹn. Ní ọ́fíìsì Alága, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yà á lẹ́nu. Bí Alága bá ní oòrùn mú, á ya Lánípẹ̀kun lẹ́nu. Bí Alága bá sín, Lánípẹ̀kun á pàtẹ́wọ́, á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí láti Ìkọ̀lé títí dé Ìdó.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àgbà àdúgbò Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí lọ rí Alága. Kànga ẹlẹ́rọ kan ṣoṣo ni àdúgbò náà ní, èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ fà. Ó ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti wa iṣu ọdún tó kọjá. Màmá Sèínábù, tó ń ta iṣu lọ́jà, ló ṣíwájú wọn. Bàbá Àlímì, tó jẹ́ aránṣọ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ló tẹ̀lé e.

"Ọmọ mi," Màmá Sèínábù wí. Òun nìkan ló ń pe Alága ní ọmọ, ó sì máa ń dun Alága bí ẹni pé wọ́n bọ́ fìlà lórí rẹ̀. "Ẹ̀rọ omi wa kò pọnmi mọ́. Odò ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ń mu. Òun ló da inú Ìrètí, ọmọ ọmọ mi, rú tí a fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ní Ìdó. Ọlọ́run ló yọ ọ́. N kò fẹ́ kí n tún gbé ọmọ sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Omi la wá tọrọ."

Alága gbé agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì, ó dìde.

"Màmá, èrò yín kéré. Ẹ̀rọ kan. Omi tí èèyàn ń fi ọwọ́ fà. Ṣé irú omi tó yẹ ìgbà ìṣàkóso tèmi nìyẹn? Omi tí ẹ bá fẹ́ rí, èmi yóò fi hàn yín. Omi tí kò lópin. Omi tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró ní etí rẹ̀ kan, ẹ kò ní rí ìkejì. Gbogbo yín lẹ ń lọ wo òkun."

"Há," Lánípẹ̀kun wí. Ó yà á lẹ́nu.

Bàbá Àlímì yíjú sí Màmá Sèínábù. "Ó ní ká lọ wo òkun."

"Mo gbọ́."

"Ṣé ó máa tún ẹ̀rọ ṣe bí a bá dé?"

"Ìyẹn ni n kò gbọ́."

Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi gba bọ́ọ̀sì ńlá àti tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Iṣẹ́ Lánípẹ̀kun nìyẹn. Ìdí tí Alága fi ń ná owó ọ̀hún kò sì fara sin fún ẹni tó ní ojú. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò tún du ipò náà, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ń bọ̀ láti Adó wá wo ohun tó ti ṣe, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò kọ́ ilé, tí kò la ọ̀nà, tí kò tún ẹ̀rọ ṣe, ó yẹ kó kúkú ti kó àwọn àgbà lọ wo òkun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó kó gbogbo ìlú jọ sí ìdí ẹ̀rọ tó ti kú náà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kan sókè, tí wọ́n ti kun orúkọ rẹ̀ sí lára.

"Nínú kẹ́ẹ̀gì yìí," ó ní, "ni èmi yóò ti gbé òkun wálé. Níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, èmi yóò da òkun sínú kànga yìí. Kí kànga yìí rí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe níta. Kí ojú tì í. Bí ojú bá ti tì í, yóò ṣiṣẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òkè-Ògbè mọ àtẹ́wọ́ pa. Ó rọrùn ju àríyànjiyàn lọ, èèyàn sì tètè ń délé. Màmá Sèínábù kò pa á. Ó gbé búútà rẹ̀ dání, ìyẹn kẹ́tù oníke onímú gígùn tí ó fi ń ṣe àlùwàlá, kò sì sí ibi tó ń lọ láìgbé e.

*

Ilé iṣẹ́ tó ní bọ́ọ̀sì náà fún wọn ní amọ̀nà kan, ọ̀dọ́bìnrin tó ń jẹ́ Ayọ̀mípọ̀sí, tó ń kàwé ní yunifásítì Òyè tó sì ń ṣe iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá gba ìsinmi. Ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà wa."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí. Alága gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ, lọ jókòó sẹ́yìn. Ta ló ń fi ọ̀nà han afọ̀nàhanni?"

Láti Òyè títí dé Ìbàdàn ni Alága ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí.

"Lápá ọ̀tún yín, ẹ ó rí òkè."

"A rí i," Bàbá Àlímì wí. "Òkè la ti wá."

"Òkè yìí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo wò ó, mo ní, èmi náà yóò ga."

"Ó yà mí lẹ́nu," Lánípẹ̀kun wí láti iwájú.

Nígbà tí wọ́n kọjá ọjà kan ní ọ̀nà Iléṣà, ó ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ó juwọ́ sí wọn. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì nítorí ó rò pé ó fẹ́ ra. Alága ní, "Ẹ rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi."

Wọ́n sùn ní Ìbàdàn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ayọ̀mípọ̀sí rọra sún mọ́ Alága.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá ti wọlé, ká má sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà o. Bí àkókò bá ti tó, ọkọ̀ yìí kì í dúró."

"Ta ni Àkókò?" Alága béèrè. "Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni àbí ti àwọn alátakò?"

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kan kí ẹ má baà rò pé ọkùnrin yìí kò ní làákàyè rárá. Ó ní, ṣùgbọ́n gáréèjì Ayédé ló ti kó o. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ mọ́tò ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ ọ́n. Dírẹ́bà á jókòó, á tẹ fèrè, á ní òun ti ń lọ. Á gbéra lóòótọ́, á jáde lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ẹni tó ń ra gúgúrú á pariwo. Kò lọ síbì kankan. Ó kàn lọ yípo ni, kí àwọn tó ń ṣiyèméjì lè sáré wọlé. Láìpẹ́ á tún padà wá síbi tó wà, á ní ó ku ẹnìkan. Fọlọ́runṣọ́ kò tíì rí ọkọ̀ tó lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó gbéra rí, pàápàá láti ìgbà tó ti di Alága. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ rélùwéè tutù nínú, ó mọ́ tónítóní, ó ń sáré láìgbọnni. Alága fi ojú irin ṣe ẹ̀kọ́, ó ní méjì ni wọ́n, òun àti àwọn aráàlú, wọn kò sì lè pàdé láéláé. Lánípẹ̀kun ní kí wọ́n kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní bírò.

Wọ́n dúró ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n mú àsíá kéékèèké dání. Olùkọ́ wọn ló kó wọn wá wo ọkọ̀ ojú irin. Bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe sí ohunkóhun tó bá gùn tó sì ń pariwo, wọ́n juwọ́ sí i.

Alága wò láti ojú fèrèsé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Títí dé Abẹ́òkúta," ó ní. "Lánípẹ̀kun, bùràdà mi, wọ́n ti gbọ́ nípa mi títí dé Abẹ́òkúta."

"Ó yà mí lẹ́nu, sà."

"Kò yẹ kí n kọjá láìdá wọn lóhùn. Gbé agboòrùn."

Ayọ̀mípọ̀sí dìde láti ẹ̀yìn. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ o."

"Yóò yípo," Alága dáhùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Lánípẹ̀kun tẹ̀lé e pẹ̀lú agboòrùn àti kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ̀yin ọmọ Abẹ́òkúta," Alága bẹ̀rẹ̀, "mo mú ìkíni wá fún yín láti Òkè-Ògbè." Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ sì pa ara rẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ọ̀rọ̀ àgbà rú.

Ọkọ̀ gbéra. Nínú rẹ̀, Bàbá Àlímì lẹ imú mọ́ dígí.

"Ó ń juwọ́ sí wa," ó ní.

"Ẹ juwọ́ sí i padà," Màmá Sèínábù wí. "Ẹ̀kọ́ ilé ni."

Gbogbo wọn juwọ́. Alága juwọ́ sí wọn, ó tún yíjú sí àwọn ọmọ, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ náà kọjá lọ, Lánípẹ̀kun fọwọ́ kàn án léjìká.

"Sà, ó mà lọ."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lọ yípo. Wọn yóò padà wá gbé mi. Ṣé o rí mọ́tò tó fi mí sílẹ̀ rí ni?"

Lánípẹ̀kun ronú, kò rí. Wọ́n wá ìjókòó, wọ́n jókòó ti kẹ́ẹ̀gì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan wá bá wọn, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ dé Èkó, kí wọ́n lọ wọ mọ́tò ní títì. Alága wò ó tàánútàánú. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ó hàn pé ìwọ kò mọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn."

*

Nínú ọkọ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò tètè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, àfi ìgbà tí Bàbá Àlímì ní, "Etí mi ń sinmi." Ayọ̀mípọ̀sí mú gbohùngbohùn rẹ̀ lórí àga Alága. Ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá fẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó jókòó ti àwọn, kó jẹ ẹ̀pà.

Bọ́ọ̀sì mìíràn ń dúró dè wọ́n ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Ó gbé wọn gba orí afárá, ó gbé wọn dé etíkun. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n rìn lórí iyanrìn bí ẹni tó ń rìn lórí èlùbọ́, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi débi tí ó wà.

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Alága kò purọ́ nípa ìyẹn. Ó ń bọ̀, ó ń padà, ó ń hó, kò sì ní etí kejì. Bàbá Àlímì, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, dúró ó sì ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó ń mí bí màlúù tó yó."

Màmá Sèínábù lọ títí omi fi bò ó ní kókósẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bù ú lọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó lọ títí.

"Wọ́n ní ó níyọ̀," Bàbá Àlímì wí.

"Kì í ṣe iyọ̀. Ó korò." Kò yíjú padà. "Gbogbo eléyìí, Àlímì. Gbogbo rẹ̀. Kò sí ife kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí èèyàn lè bù fún ọmọ mu."

Lẹ́yìn náà ó da omi tó kù nínú búútà rẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó fi omi òkun kún un, ó dé e.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ìrètí ni mo fẹ́ gbé e lọ fún. Ó ní kí n mú nǹkan bọ̀ fún òun láti Èkó."

Wọ́n jẹ ẹja díndín, wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọkùnrin ká ṣòkòtò sókè, òkun tú ìró Màmá kan wọ́n sì rẹ́rìn-ín dé ibi tí wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń padà sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ọ̀hún sì dúró, bó ṣe máa ń ṣe, ní Abẹ́òkúta.

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ta ló wọlé? Alága Fọlọ́runṣọ́ ni, agbádá rẹ̀ ti rún, eruku ti bo fìlà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó jàre.

"Ǹjẹ́ n kò sọ bẹ́ẹ̀?" ó wí fún Lánípẹ̀kun. "Wọ́n yípo, wọ́n sì ti padà wá gbé mi." Ó jókòó. Ó wo àwọn àgbà náà, ó wo iyanrìn tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohun tí iyanrìn náà ń sọ tó yé e.

"Ẹ ti débẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́.

"A débẹ̀," Bàbá Àlímì wí. "Ó kí yín."

Alága gbé agbádá sí èjìká. "Ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí ẹ rí lónìí, ojú mi lẹ fi rí i. Nítorí náà èmi náà rí i. Bẹ́ẹ̀ ni a ó sì ṣe sọ ọ́ nílé."

Màmá Sèínábù gbé búútà rẹ̀ sórí itan. "Ọmọ mi, a lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu àgbà kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọjà. Ẹ̀rọ omi ńkọ́? Bí a bá délé, ṣé wàá tún un ṣe?"

Òun nìyẹn, ẹ̀yin òǹkàwé. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún Alága, ó sì gbòòrò tó èyí tí agbádá lè gbà. Ká ní ó dáhùn 'bẹ́ẹ̀ ni' kan ṣoṣo, ìtàn yìí ì bá parí síbí.

"Màmá," Alága wí, ó sì rẹ́rìn-ín, "lẹ́yìn tí ẹ ti rí gbogbo omi ayé tán, ẹ tún ń béèrè ẹ̀rọ?"

Màmá Sèínábù wo ojú fèrèsé. Kò tún béèrè mọ́.

*

Kẹ́ẹ̀gì ṣófo. Ìyẹn ló kù. Nígbà tí wọ́n délé, Alága ti ilẹ̀kùn yàrá ìdáná, òun àti Lánípẹ̀kun. Wọ́n fa omi láti inú kànga Alága fúnra rẹ̀, nítorí ilé tirẹ̀ ní kànga, ó ní jẹnẹrétọ̀ tó ń fà á, omi rẹ̀ sì dùn.

"Òkun níyọ̀," Alága wí. "Fi iyọ̀ sí i."

Lánípẹ̀kun fi iyọ̀ sí i, ó tọ́ ọ wò bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó tún fi díẹ̀ sí i. Ó ní ó ti dọ́gba.

"Kò rùn bí òkun," Alága wí, ẹni tí kò gbọ́ òórùn òkun rí. "Ẹja ló wà nínú òkun."

Lánípẹ̀kun rún mágí sí i. Ó tún ju orí ẹja gbígbẹ kan sí i, ó fi í sílẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó yọ ọ́. Alága fa òórùn rẹ̀ sí imú, ó dijú, ó ní òkun pátápátá nìyẹn. Ó yà Lánípẹ̀kun lẹ́nu.

Wọ́n tún pa àṣẹ kan. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, omi mìíràn kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, ì báà ṣe ti inú ọ̀rá, ì báà ṣe ti inú ike, kí àbùkù má baà kan òkun. Àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí ẹni ń gba ohun ìjà.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ dé láti Adó, olórí wọn sì jẹ́ bàbá kúkúrú kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́. Wọ́n jókòó sábẹ́ ìbòòji. Alága dìde, ó sì sọ̀rọ̀ títí tí ewúrẹ́ tó wà nítòsí fi dùbúlẹ̀.

"Mo dé etí òkun," ó ní. "Mo ní, 'Òkun, èmi Fọlọ́runṣọ́ ti Òkè-Ògbè nìyí.' Òkun dákẹ́. Ìgbì dúró. Àwọn ẹja yọjú. Mo ní, 'Jẹ́ kí n bù lára rẹ.' Ó ní, 'Ọ́nọ́rébù, bù ú.'"

Lánípẹ̀kun pàtẹ́wọ́. Ìwọ̀nba àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Àwọn àgbà tó lọ òkun ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Alága ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ.

"Ẹ dúró díẹ̀, Alága," Bàbá Àlímì wí láti ìjókòó rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó bọ̀wọ̀ fúnni dé ìdí. "Ẹ̀rọ yìí la fẹ́ fún lómi. Bí a ṣe ń ṣe é ní ulé wa ńkọ́?"

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó ń gbé omi fún ẹlòmíràn láìkọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọdé tí kò bá ṣe é, wọ́n á bá a wí. Ẹni tó gbé omi wá ló ń tọ́ ọ wò, kí ẹni tí yóò mu ún lè fọkàn balẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ti tọ́ ọ wò fún kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀, ó ti bú ilé náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," àwọn èèyàn wí. "Ẹ tọ́ ọ wò."

Alága kò bẹ̀rù. Ó bu ife kan, ó gbé e mu tán, ó sọ ẹnu ṣápùṣápù. "Òkun," ó ní.

Bàbá Ẹgbẹ́ nawọ́ sí Màmá Sèínábù. "Màmá, ẹ̀yin wà lára àwọn tó lọ. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

Màmá Sèínábù gba ife, ó fi ètè kàn án. Ó ronú. Ó tún fi ètè kàn án.

"Ó dáa," ó ní. "Ó ku uyán."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó ń bọ̀ wá síwájú bí òjò tó ń bọ̀ láti oko. Alága gbé ọwọ́ sókè. Ó ní arúgbó ni Màmá, ahọ́n rẹ̀ ti rẹ̀. Kò yẹ kó sọ ìyẹn. Màmá Sèínábù tẹ ọwọ́ sẹ́yìn, Ìrètí sì gbé búútà náà lé e lọ́wọ́, èyí tí àwọn ọlọ́pàá kò gbà nítorí wọ́n rò pé omi àlùwàlá ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó ti sunkún, ó sì ti tọ́jú ìyókù nítorí ẹ̀bùn ni.

Màmá Sèínábù da díẹ̀ sínú ife. Ó gbé e sẹ́nu, ó mu níwọ̀nba, ojú rẹ̀ kò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyókù fún Alága.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ti tọ́ ọ wò."

Alága wo ife náà. Ó wo Bàbá Ẹgbẹ́. Kò sí ọ̀nà láti kọ omi lọ́wọ́ ìyá arúgbó níwájú gbogbo ìlú. Nítorí pé ó jẹ́ ẹni ńlá, kò fi ètè kàn án lásán. Ó gbé e mì ní gbígbé kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mu omi òkun, n kò ní ṣe àlàyé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò mu ún rí, ẹ má mu ún. Ojú Alága kọ́kọ́ kéré, lẹ́yìn náà ó tóbi. Gbogbo orúkọ oyè rẹ̀ jáde láti ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú mágí, sórí agbádá funfun.

"Omi," ó ní. "Ẹ fún mi lómi. Lánípẹ̀kun, omi."

Lánípẹ̀kun wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Sà, a ti fòfin dè é."

Alága wo yíká. Kò sí ọ̀rá, kò sí ike, kò sí ìkòkò. Ó rí apá ẹ̀rọ níwájú rẹ̀, ó fò mọ́ ọn. Ó gbé agbádá sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, sókè, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹnu ọmọ màlúù. Irin ń ké. Afẹ́fẹ́ jáde. Aláǹgbá kan jáde. Fìlà rẹ̀ ṣubú, kò mú un. Bí gbogbo Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí ṣe ti fà á láti ọdún tó kọjá ló ṣe fà á, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ náà ló rí.

Bàbá Ẹgbẹ́ tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣé ẹ̀rọ yìí kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Bàbá," Bàbá Àlímì dáhùn, "ohun tí a wá sọ fún un gan-an nìyẹn. Ó ní ká lọ wo òkun."

Bàbá Ẹgbẹ́ kò sọ̀rọ̀ gígùn. Ó dìde, ó kí Màmá Sèínábù, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Àwọn yòókù wọ tiwọn. Alága di apá ẹ̀rọ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó juwọ́ sí wọn pẹ̀lú èkejì.

Wọ́n yan ẹlòmíràn. Ẹni náà kò gbọ́n ju Fọlọ́runṣọ́ lọ, mo bẹ yín, ẹ má gbà gbọ́ pé ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ẹ̀rọ kan lè fi ojú èèyàn rí, ó sì tún un ṣe kó tó ra agbádá. Ó kun orúkọ rẹ̀ sí i lára. Omi kò mọ̀wé, ó ń jáde. Lánípẹ̀kun wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń yà á lẹ́nu.

Fọlọ́runṣọ́ ńkọ́? Lójoojúmọ́ ló ń wọ agbádá tó ti fọ̀, á sì gbé àga jáde síwájú ilé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ayédé. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, á gbé ara sókè díẹ̀. Bí èèyàn bá kí i, tó ní, "Alága, ẹ tún jókòó síbí?" á dáhùn wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń sọ àṣírí.

"Ẹgbẹ́ lọ yípo ni. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú, Màmá Sèínábù ń ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀ pẹ̀lú Ìrètí, omi lórí àwọn méjèèjì. Ó rí i níbi tó jókòó sí, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó dúró. Ó sọ omi kalẹ̀, ó bu ife kan, ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún un.

Fọlọ́runṣọ́ gbà á. Ó wo inú ife náà fún ìgbà pípẹ́.

"Màmá," ó ní, "ibo lẹ ti pọn ọ́n?"